Ìjàkadì Orí Tẹlifíṣọ̀n àti Iṣẹ́ Ẹni tí Ń Ṣe Àgbéyẹ̀wò Rẹ̀

Bí a bá sọ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa pé ìjàkadì tí a ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó ohun tí ènìyàn lè jókòó kọ àgbéyẹ̀wò lé lórí, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ rín. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọn yóò fi dá wa lóhùn: ‘Irọ́ ni.’ Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé a ti pinnu ẹni tí yóò borí kí àwọn méjèèjì tó wọ agbo, àti pé níwọ̀n bí a ti pinnu rẹ̀, kò sí ohun tí ó kù láti gbé yẹ̀ wò. Apá kìíní ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òtítọ́. Apá kejì ni kò tọ̀nà. Ète wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé ibi tí ìpinnu náà parí sí gan-an ni iṣẹ́ olùyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀, láti ṣàlàyé ohun tí ó yẹ kí ó máa wò, àti láti sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwa tí a ń kọ́ èdè àti àṣà Yorùbá.

Ohun tí ìjàkadì yìí jẹ́

Kí a má baà máa sọ̀rọ̀ lófìfo, ẹ jẹ́ kí a mú ètò kan tí ó gbajúmọ̀ káàkiri ayé. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 1993 ni ẹgbẹ́ oníjàkadì WWF ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó yí orúkọ padà sí WWE ní ọdún 2002, bẹ̀rẹ̀ ètò tí a pè ní Monday Night Raw nínú gbọ̀ngàn Manhattan Center ní ìlú New York. Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ni ó kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n tí a mọ̀ ọ́n mọ́, tí ó bọ́ sórí Netflix. Ètò yìí kì í ní ìsinmi láàárín ọdún bí eré bọ́ọ̀lù ti ń ní. Ọ̀sẹ̀ ń bọ́ sínú ọ̀sẹ̀, ìjà kan ń bí òmíràn, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ní ọjọ́ Ajé yìí lè di ọ̀tá ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀. Nítorí èyí, ẹni tí yóò yẹ ìjà kan wò ní láti rántí àwọn ìjà tí ó ti kọjá lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ka ìtàn àròsọ tí a ń tẹ̀ jáde ní ìpín-ìpín.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníjàkadì fi àṣírí iṣẹ́ wọn pamọ́ bí awo. Ẹni tí ó ń ṣe ẹni rere kò gbọdọ̀ bá ẹni tí ó ń ṣe ẹni ibi jẹun ní gbangba, wọn kò sì gbọdọ̀ jùmọ̀ wọ ọkọ̀ kan náà. Ní ọdún 1987, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ New Jersey dá ọkọ̀ kan dúró tí wọ́n sì bá Jim Duggan àti Iron Sheik nínú rẹ̀ pọ̀, ìròyìn náà di ohun ìyàlẹ́nu, nítorí pé ọ̀tá paraku ni wọ́n jẹ́ sí ara wọn lójú òǹwòran. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 1989, àwọn aṣojú WWF fi ẹnu ara wọn sọ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ yìí kan náà pé eré fún ìgbádùn òǹwòran ni iṣẹ́ wọn, kì í ṣe ìdíje tòótọ́. Ìdí tí wọ́n fi tú àṣírí náà kò jìnnà: wọ́n fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ owó orí àti ìṣàkóso tí ìjọba fi lé orí ìdíje eléré ìdárayá. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń kígbe pé ‘irọ́ ni’ ń tú àṣírí tí àwọn tí ó ni ín ti tú fúnra wọn.

Nísinsìnyí, báwo ni iṣẹ́ náà ti rí? Agbo tí wọ́n ń jà nínú rẹ̀ jẹ́ pèpéle onígun mẹ́rin tí a fi okùn mẹ́ta yí ká. Pákó ni a tẹ́ sórí irin, a sì fi tìmùtìmù tẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ líle bò ó. Àwọn tí ó ni ètò ni ó ń pinnu ẹni tí yóò borí. Àwọn oníjàkadì méjèèjì a fohùn ṣọ̀kan lórí bí ìjà yóò ti parí àti lórí kókó díẹ̀ láàárín. Ìyókù, wọn a máa sọ ọ́ sí ara wọn létí bí ìjà ti ń lọ. Rẹfirí tí a rò pé ó kàn ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, òun ni ó ń jíṣẹ́ láàárín wọn, òun ni ó sì ń sọ iye ìṣẹ́jú tí ó kù fún wọn.

Ẹni tí a gbé sókè tí a sì là mọ́lẹ̀ nínú agbo yìí kì í ṣe ẹni tí ìyà ń jẹ lásán. Iṣẹ́ ni òun náà ń ṣe. Òun ni ó ń fò díẹ̀ kí ẹni tí ó gbé e lè rí i gbé; òun ni ó ń tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà kí orí rẹ̀ má baà lu ilẹ̀; òun ni ó ń tẹ́ gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹrẹsẹ kí agbára ìṣubú náà má baà pọ̀ sí ojú kan. Ènìyàn méjì ni ó ń gbé ènìyàn kan. Ọwọ́ ẹni tí a pè ní ọ̀tá ni ọrùn olúkúlùkù wọn wà, bí ọ̀tá náà bá sì ṣe àṣìṣe ìwọ̀n ìka kan, ọrùn náà lè ṣẹ́. Ìjà náà kì í ṣe ìjà, ṣùgbọ́n ìṣubú náà, ìṣubú ni.

Ìjà tí a mọ òpin rẹ̀

Kò yẹ kí Yorùbá jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ pé ìjà tí a ti mọ òpin rẹ̀ kò ní ìtumọ̀. Ní ìlú Ẹdẹ, nígbà ọdún Ọbàtálá, Ajagẹmọ tí í ṣe àwòrò òrìṣà náà a máa bá àwòrò mìíràn, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Olúnwi, jà ní ojúde ààfin. Wọn kì í sọ̀rọ̀; ìfarahàn nìkan ni. Olúnwi a borí, a ó sì gbé Ajagẹmọ lọ bí ẹrú. Lẹ́yìn náà ni Tìmì yóò san owó ìràpadà, tí a ó sì gbé Ajagẹmọ padà wá pẹ̀lú ayọ̀. Ulli Beier kọ nípa ọdún yìí nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1959 lórí àwọn ọdún ìbílẹ̀ ìlú Ẹdẹ. Kò sí ẹnì kan ní ojúde ààfin náà tí kò mọ̀ pé Ajagẹmọ ni yóò ṣubú; bí ó bá lọ ṣẹlẹ̀ pé òun ni ó borí, ẹ̀rù ni yóò ba gbogbo ìlú. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń pariwo pé irọ́ ni. Ohun tí wọ́n wá wò ni bí àgbà ti ń fara da ìyà, àti bí ẹni tí a mú lọ ti ń padà bọ̀.

A kò sọ pé ọ̀kan náà ni ọdún Ọbàtálá àti ètò tẹlifíṣọ̀n. Ìsìn ni ti Ẹdẹ, òwò ni ti Amẹ́ríkà; òrìṣà ni a ń ṣe èkíní fún, èkejì ni a ń ṣe fún àwọn oníṣòwò tí ń polówó ọjà. Òpin ti Ẹdẹ kì í yí padà lọ́dọọdún. Ti Amẹ́ríkà ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí a rí fà yọ nínú àfiwé yìí kò ju ẹyọ kan lọ: pé ìbéèrè ‘Ta ni ó borí?’ àti ìbéèrè ‘Ṣé ìjà náà dára?’ kì í ṣe ìbéèrè kan náà.

Ohun tí olùyẹ̀wò ní láti wò

Ìbéèrè mẹ́fà ni mo rò pé ó yẹ kí olùyẹ̀wò máa bi ara rẹ̀. Èkíní ni ìtàn: kí ni ó dá ìjà yìí sílẹ̀, ǹjẹ́ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú agbo bá ohun tí ó dá a sílẹ̀ mu? Ẹni tí ó ní òun ń jà nítorí pé wọ́n fi ẹ̀gàn kan ìyá òun kò gbọdọ̀ máa fò sókè sódò bí ẹni tí ń ṣeré òkìtì. Èkejì ni iṣẹ́ ara: ǹjẹ́ ẹni tí ń gbé ń gbé dáradára, ǹjẹ́ ẹni tí a ń gbé ń gbà á dáradára? Bí a bá ti fi ẹsẹ̀ kan lù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó yẹ kí ẹsẹ̀ náà ṣì máa dun oní-tọ̀hún ní ìṣẹ́jú kẹwàá. Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n àkókò: ìgbà wo ni wọ́n fà á, ìgbà wo ni wọ́n yára, ǹjẹ́ wọ́n fún òǹwòran láyè kí ó mí? Ẹ̀kẹrin ni èrò ìwòran: ìjàkadì tí èrò dákẹ́ sí dà bí ìjálá tí kò rí ẹni gbè é. Ẹ̀karùn-ún ni ẹ̀rọ ayàwòrán: kí ni a fi hàn wá, kí ni a fi pamọ́, níbo sì ni ìpolówó ọjà ti gé ìjà náà? Ẹ̀kẹfà, èyí tí a sábà máa ń gbàgbé, ni iye tí ó ná ara àwọn tí ó ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìjà kan dán àwọn ìbéèrè yìí wò. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1993, Razor Ramon bá ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan jà lórí Raw, orúkọ tí wọ́n sì fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò ju ‘The Kid’ lọ, èyí tí í ṣe ‘Ọmọdé’. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìjà náà. Bí a bá fi ojú ẹni tí ń wá ìdíje wò ó, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtàn rẹ̀. Ní àkókò náà, àṣà ètò yìí ni láti máa mú àwọn ẹni tí a kò mọ̀ wá fún àwọn gbajúmọ̀ láti nà. Òǹwòran ti kọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í borí, Ọmọdé yìí pàápàá sì ti fara gbá nínà lórí ètò kan náà. Ramon ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, ó ń ju ọmọ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lójijì ni ọmọ náà rí àyè, ó gun orí okùn, ó ta òkìtì ẹ̀yìn lé ọkùnrin gìrìwò náà lórí, rẹfirí sì ka ení, èjì, ẹ̀ta. Gbọ̀ngàn náà fẹ́rẹ̀ wó. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà ti ń jẹ́ 1-2-3 Kid.

Ohun tí ó yẹ kí olùyẹ̀wò tọ́ka sí níhìn-ín ni iṣẹ́ Ramon, ẹni tí a dá. Ìgbéraga rẹ̀ ni ó sọ ìṣubú rẹ̀ di ohun tí a lè gbà gbọ́. Bí ó bá ti wọlé bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ìṣẹ́gun ọmọ náà ì bá ti dín kù. Ìtàn náà kò sì parí sí ọjọ́ náà: Ramon ń fi owó lọ ọmọ náà kí ó padà wá bá òun jà, àwọn mìíràn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìṣubú náà, nígbà tí ó sì ṣe, ó di ẹni tí èrò fẹ́ràn. Ẹni tí ó ṣubú náà jèrè. Nínú ìdíje tòótọ́, irú èyí kì í sábà ṣẹlẹ̀. Nínú eré orí ìtàgé, ojoojúmọ́ ni.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ìràwọ̀ díwọ̀n ìjà. Dave Meltzer, tí ó ti ń tẹ ìwé ìròyìn Wrestling Observer jáde láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ni ó sọ àṣà yìí di olókìkí. Ìràwọ̀ márùn-ún ni òpin rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Kazuchika Okada àti Kenny Omega jà ní ìlú Tokyo ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2017, mẹ́fà ni ó fún wọn. A kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ ń sọ bí ọbẹ̀ ti dùn tó ni, kò sọ ohun tí a fi sè é. Ìjà Ramon àti Ọmọdé kò lè gba ìràwọ̀ púpọ̀ bí a bá ń ka iye ìṣẹ́jú àti iye òkìtì. Síbẹ̀, àwọn tí ó wò ó kò tíì gbàgbé rẹ̀.

Alẹ́ kan tí ó fi òtítọ́ hàn

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó gbé ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1999 yẹ̀ wò. Ní àkókò náà, ètò méjì ni ó ń bá ara wọn du òǹwòran ní alẹ́ ọjọ́ Ajé: Raw ti WWF, àti Nitro ti ẹgbẹ́ WCW, èyí tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1995 tí ó sì ti fìgbà kan rí borí Raw fún ọ̀sẹ̀ 83 léraléra. Ojú ẹsẹ̀ ni Nitro ń jáde ní alẹ́ náà. Raw ní tirẹ̀, wọ́n ti ya á sílẹ̀ ní ìlú Worcester ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1998. Nípa àṣẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀, Tony Schiavone tí ń ṣàlàyé ìjà lórí Nitro tú àṣírí Raw fún àwọn òǹwòran: ó ní Mick Foley, tí ń jà ní orúkọ Mankind, ni yóò gba ìgbànú aṣáájú ní alẹ́ náà, ó sì fi í ṣẹ̀sín. Èrò wọn ni pé ẹni tí ó bá ti mọ òpin kò ní wá ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Òdì kejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òǹwòran yí tẹlifíṣọ̀n wọn kúrò lórí Nitro lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n lọ wo ohun tí a ti sọ fún wọn. Foley jẹ́ ẹni tí ó sanra, tí eyín rẹ̀ ti kán, tí kò ní ẹwà kan tí à ń ṣe àfihàn. Ọdún púpọ̀ ni ó ti fi ń jẹ ìyà nínú agbo káàkiri ayé. Nígbà tí rẹfirí kà á dé ẹ̀ta tí ìgbànú náà sì di tirẹ̀, igbe tí èrò ké kì í ṣe igbe ẹni tí kò mọ ohun tí ń bọ̀. Igbe ẹni tí ó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́ ni. Nínú ìṣirò òǹwòran alẹ́ náà, Raw gba 5.7, Nitro sì gba 5.0.

Kí ni Nitro fi hàn ní tirẹ̀? Nínú gbọ̀ngàn ńlá Georgia Dome ní ìlú Atlanta, níwájú èrò tí ó ju 35,000 lọ, Kevin Nash tí ó ni ìgbànú kojú Hollywood Hogan. Hogan na ìka kan, ó fi kan Nash láyà. Nash sì ṣubú lulẹ̀ gbalaja bí ẹni tí ìbọn bà. Hogan dùbúlẹ̀ lé e, ó gba ìgbànú. Wọ́n ti jùmọ̀ gbìmọ̀ pọ̀ ni. Ìtàn náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n inú bí ọ̀pọ̀ òǹwòran. Kò yẹ kí a sọ pé ìka kan ṣoṣo ni ó pa ẹgbẹ́ WCW. Àrùn rẹ̀ pọ̀, ó sì tó oṣù Kẹta ọdún 2001 kí WWF tó ra á. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ hàn kedere. Ìjà méjèèjì ni a ti pinnu òpin wọn. Wọ́n mọ̀ bí ti èkíní yóò ti parí, wọ́n sì sáré lọ wò ó. Ti èkejì, wọn kò mọ̀ ọ́n, ó sì rí wọn lára. Ohun tí òǹwòran kórìíra kì í ṣe ìpinnu, àìṣiṣẹ́ ni. Ó gbà kí a tan òun jẹ, ṣùgbọ́n kò gbà kí a fi òun ṣe ẹlẹ́yà.

Iye tí ó ná wọn

Mo ti sọ pé ìbéèrè kẹfà ni a sábà máa ń gbàgbé. Ogúnjọ́ péré lẹ́yìn alẹ́ ayọ̀ yẹn, ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 1999, Foley àti The Rock tún jà ní ìlú Anaheim, nínú ìjà tí Raw ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta polówó. Wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ọwọ́ Foley sẹ́yìn, The Rock sì fi àga onírin lù ú lórí ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ kékeré méjì jókòó ní iwájú. Ẹkún wọn wà nínú fíìmù Beyond the Mat tí ó jáde ní ọdún náà. Òpin ìjà náà jẹ́ àdéhùn, àwọn méjèèjì kò sì bínú sí ara wọn. Ṣùgbọ́n àga náà jẹ́ àga, orí náà sì jẹ́ orí. Ní ọdún 2010 ni WWE tó fòfin de fífi àga lu orí.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìjà Anaheim, ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1999, wọ́n fẹ́ fi okùn sọ Owen Hart kalẹ̀ láti òrùlé gbọ̀ngàn kan ní ìlú Kansas City, kí ìwọlé rẹ̀ lè pa èrò lẹ́rìn-ín. Ó já bọ́ láti òkè tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà 70 lọ, ó sì kú. Ẹni ọdún 34 ni. Jim Ross tí ń ṣàlàyé ìjà ní láti máa sọ fún àwọn tí ń wò ó nílé pé èyí kì í ṣe ara eré. Ẹ ronú sí i: iṣẹ́ ẹni tí ń ṣàlàyé ìjà ni láti máa sọ lójoojúmọ́ pé òtítọ́ ni ohun gbogbo tí a ń rí, ní ọjọ́ tí òtítọ́ wá dé, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó kù fún un láti fi yà á sọ́tọ̀ ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Wọ́n sì tún tẹ̀ síwájú nínú eré náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ètò Raw ti ọjọ́ kejì ni wọ́n fi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Nítorí èyí ni mo ṣe sọ pé ẹni tí ń ké ‘irọ́ ni’ ń ṣe ohun tí ó burú ju àìmọ̀ lọ. Bí a bá ti gbà pé irọ́ ni, a ti gbà pé kò sí ẹni tí ó ń farapa, a kò sì ní béèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́ náà. Olùyẹ̀wò tí ń yin ìṣubú láti ibi gíga ní ọ̀sẹ̀ yìí ń béèrè fún ìṣubú láti ibi tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé òun ń béèrè. Ojúṣe rẹ̀ ni láti yin ọgbọ́n ju ewu lọ: kí ó yin ẹni tí ó mú kí a rò pé ara ń ro òun, kí ó má sì yin ẹni tí ara ń ro ní tòótọ́ láìnídìí.

Ohun tí ó kan àwa Yorùbá

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí gbà kàn wá. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti wà nínú agbo yìí, ohun tí a sì ń fi wọ́n ṣe níbẹ̀ ń fẹ́ àyẹ̀wò ẹni tí ó mọ àṣà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, Apollo Crews, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ohùn tí a rò pé ó jẹ́ ti Nàìjíríà lórí ètò SmackDown, ó di ọ̀kọ̀ mú, ó sì ní ìdílé ọba ni òun ti wá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún náà, ó gba ìgbànú lọ́wọ́ Big E nínú ohun tí wọ́n pè ní ‘Ìjà Ìlù ti Nàìjíríà’. Wọ́n kó ìlù àti agogo yí agbo ká. Ẹni tí ó wá ràn án lọ́wọ́ ni Babatunde Aiyegbusi, ọkùnrin gìrìwò tí a bí ní ilẹ̀ Poland, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà.

Kò sí ìjà tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Níbi tí a bá ti ń jà ìjàkadì ní ilẹ̀ Yorùbá, ìlù kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ìlù ń sọ̀rọ̀, ó ń ki oníjàkadì, ó ń rán an létí ọmọ ẹni tí ó jẹ́, ó ń ta á jí. Ìlù tí a kó jọ kí a lè ju ènìyàn lù ú ti di pákó àti awọ lásán. Olùyẹ̀wò òyìnbó lè wo ìjà náà kí ó sọ pé ó yára, pé èrò pariwo. Kò ní rí ohun tí ó sọnù níbẹ̀. Àwa ni a lè rí i, àwa ni ó sì yẹ kí a wí i.

Àpẹẹrẹ kejì yàtọ̀. Isaac Odugbesan, ọmọ Nàìjíríà tí ó ti máa ń ju irin wúwo nínú ìdíje fún Yunifásítì Alabama, wọ WWE, orúkọ tí ó sì ń jẹ́ nínú agbo ni Oba Femi. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2024, ó gba ìgbànú North American lórí ètò NXT, ó sì dì í mú fún ọjọ́ 273. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2025, ó gba ìgbànú àgbà ti ètò náà. Kò di ọ̀kọ̀ mú, kò sì yí ohùn padà. Àṣẹ ni ó ń fi ìrìn rẹ̀ pa: ó ń rìn wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò sí ẹni tí ó lè lé e, kì í fi agbára ṣòfò, bí ó bá sì gbé ènìyàn, a mọ̀ pé ó gbé e.

Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ náà bí akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Ọbáfẹ́mi jẹ́ odidi gbólóhùn: ọba ni olùwà, fẹ́ ni ọ̀rọ̀-ìṣe, mi ni àbọ̀. Ohùn òkè tí ó wà lórí sílébù kejì ni ó fi hàn pé olùwà ni ọba jẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi jẹ́ ẹni tí ọba fẹ́ràn. Kì í ṣe òun ni ọba. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pín in sí méjì, ohùn òkè náà pòórá, Ọba di oyè, Fẹ́mi sì di orúkọ ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ẹni tí ọba fẹ́ràn ti gun orí ìtẹ́. Àwọn tí ń ṣàlàyé ìjà ní Amẹ́ríkà ń pè é ní alákòóso, wọ́n sì rò pé èrò tiwọn ni. Nínú àlàfo tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì ni oyè náà ti wá. Yálà ẹni tí ó sọ orúkọ náà mọ èyí tàbí kò mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ olùyẹ̀wò ni láti sọ ọ́, nítorí pé nínú ìjàkadì yìí, orúkọ ni ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Mo rọ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń wo ìjàkadì yìí ní ìkọ̀kọ̀, tí ojú sì ń tì wọ́n láti sọ ọ́, pé kí wọ́n mú bébà àti kálàmù. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ìjà wáyé, kí wọ́n kọ ohun tí ó dá a sílẹ̀, kí wọ́n kọ ìgbà tí èrò pariwo àti ìgbà tí wọ́n dákẹ́. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ ọ́, kí a lè mọ ibi tí èdè wa tó àti ibi tí ó ṣì kù. Ìbéèrè ‘Ta ni ó borí?’ ni kí wọ́n fi ṣe ìkẹyìn. Èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé: ta ni ó gbé ta ni sókè, báwo ni ó sì ti sọ ọ́ kalẹ̀?